Ọ̀rá àti Òtútù: Sọ́séèjì Oúnjẹ Àárọ̀ Àfọwọ́ṣe Nílùú Àbújá

Ẹni tó bá ti mú òrí dání nígbà ọyẹ́ ti mọ ìdajì iṣẹ́ sọ́séèjì. Ní kùtùkùtù, òrí le gbagidi nínú igbá, ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń gé e. Ẹ bù díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ tó yíjú, ó ti di epo. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rá ẹran ń ṣe. Bí ó bá tutù dáadáa, ẹ̀rọ á gé e sí wóró funfun wẹ́wẹ́, wóró kọ̀ọ̀kan á jókòó láyè ara rẹ̀ láàárín ẹran pupa títí iná á fi kàn án. Ibẹ̀ ni yóò ti yọ́, tí yóò sì rin ẹran náà láti inú wá. Bí ó bá ti gbóná díẹ̀ kí ẹ tó lọ̀ ọ́, kò ní gé mọ́. Á fà, á lẹ̀ mọ́ ẹran bí ìpara, wóró funfun á sì di àwátì. Tí ẹ bá gbé irú rẹ̀ kaná, ọ̀rá á sá jáde láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, páànù á kún fún epo, ohun tó kù á sún kì, á gbẹ, á máa fọ́ lẹ́nu bí iyanrìn. Ọ̀pọ̀ èèyàn tí èyí ṣẹlẹ̀ sí ló ń di ẹ̀bi ru ata tàbí páànù. Sọ́séèjì náà ti bàjẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ páànù.

Èyí tí mò ń sọ kì í ṣe sọ́séèjì pupa rọ́bọ́tọ́ inú náílọ́ọ̀nù tí wọ́n ti sè tẹ́lẹ̀ ní ilé iṣẹ́. Ti oúnjẹ àárọ̀ yìí, tútù ni wọ́n ń ṣe é. A kì í fi èéfín yan án, a kì í sì í fi oògùn ìpamọ́ sí i. Ẹran lílọ̀, ọ̀rá, iyọ̀, ata àti ewé ni, a lè tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, a sì lè kì í sínú ìfun. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló sọ ọ́ di oúnjẹ àárọ̀ tó gbajúmọ̀: èjìká ẹlẹ́dẹ̀, ata dúdú, ewé tí wọ́n ń pè ní sage, ṣúgà díẹ̀. Nínú oko wọn láyé àtijọ́, ìgbà òtútù ni wọ́n ń pa ẹlẹ́dẹ̀, ojú ọjọ́ fúnra rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ fíríìjì. Àbújá kò ṣe irú oore bẹ́ẹ̀ fún wa. Ní oṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin, ọ̀sán a máa kọjá 35°C, ilé ìdáná tí gáàsì ń jó nínú rẹ̀ á sì tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, òtútù ni èròjà àkọ́kọ́ tí a máa wá, kí a tó wá ẹran.

Ṣùgbọ́n tí ó bá di ti ẹran, àríwá ti ṣe wá lóore. Màlúù tí wọ́n ń pa ní Dei-Dei, ní Karu àti ní gbogbo àyíká ibí, màlúù Fúlàní oníké ló pọ̀ jù nínú wọn. Iké yẹn ni àwọn Hausa ń pè ní tozo. Kì í ṣe ọ̀rá lásán: ẹran àti ọ̀rá ló hun ara wọn nínú rẹ̀, funfun nínú pupa, bí òwú inú aṣọ òkè. Àwọn onísúyà mọ iyì rẹ̀, wọn kì í jẹ́ kó pẹ́ lórí àtẹ. Fún sọ́séèjì, n kò tíì mọ ibi kan lára màlúù tó dára tó o. Ọ̀rá àyà ló tẹ̀ lé e. Èyí tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má rà ni ọ̀rá tó yí kíndìnrín ká. Ó funfun, ó wuni, owó rẹ̀ kì í pọ̀, àmọ́ ó le bí àbẹ́là. Tí sọ́séèjì bá ti ń tutù nínú àwo báyìí, ọ̀rá yẹn á dì mọ́ òkè ẹnu, omi tútù kò sì ní ṣí i.

Ní Wuse, ní Garki tàbí ní Utako, ọ̀rọ̀ Hausa mẹ́ta péré ti tó láti bá alápatà ṣòwò: tsoka ni ẹran tí kò léegun, kitse ni ọ̀rá, tozo sì ni iké. Ẹ kọ́kọ́ kí i, “Malam, ina kwana,” kí ẹ tó dárúkọ ohun tí ẹ ń wá. Tsoka láti èjìká tàbí ọrùn ni kí ẹ ní kó gé. Ẹran itan dára fún ọbẹ̀, ṣùgbọ́n adùn rẹ̀ kéré nínú sọ́séèjì. Bí ẹran ọrùn bá le, kò séwu, ẹ̀rọ ló máa jẹ ẹ́. Ìṣan funfun àti awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dán lórí ẹran ni kí ẹ gé kúrò pátápátá nílé, torí wọn kì í rọ̀ nínú páànù, wọ́n á sì wé mọ́ abẹ ẹ̀rọ.

Ẹran tí wọ́n pa ní ìdájí ṣì máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ tí ẹ bá fọwọ́ kàn án ní aago méje. Ẹ gbé kúlà lọ sọ́jà pẹ̀lú píọ́ wọ́tà dídì mẹ́fà tàbí mẹ́jọ nínú rẹ̀, kí ẹran bọ́ sínú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ ààbò oúnjẹ ń tẹ̀ lé ni pé ẹran tútù kò gbọdọ̀ pẹ́ ju wákàtí méjì lọ níta, tí ojú ọjọ́ bá sì ti kọjá 32°C, wákàtí kan ni. Wákàtí kan yẹn ni ti Àbújá lọ́pọ̀ oṣù, ọkọ̀ tó há sójú ọ̀nà Nyanya sì lè jẹ ẹ́ tán kí ẹ tó délé.

Mo mọ̀ pé a kì í sábà fi ẹran sílẹ̀ láìfọ̀ nílé Yorùbá. Tí ẹ bá gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́, odidi ègé ni kí ẹ fọ̀, ní wàrà, nínú abọ́ tí omi kò ti ní ta sára nǹkan mìíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi aṣọ mímọ́ tàbí bébà ìnuwọ́ nù ún gbẹ títí kò fi ní rin àtẹ́lẹwọ́ mọ́. Ẹran tí a ti gé wẹ́wẹ́ kì í tún rí omi mọ́. Ẹran tó mu omi báyìí kò ní pọ́n nínú páànù, ṣe ni yóò máa hó.

Fún kílò kan, bí tozo tí ẹ rà bá jẹ́ ìdajì ẹran ìdajì ọ̀rá lójú, ẹ mú 500 g nínú rẹ̀ pẹ̀lú 500 g tsoka. Bí ọ̀rá bá wà lọ́tọ̀, 750 g tsoka àti 250 g ọ̀rá àyà ni. Ìṣirò kan náà ni méjèèjì: ọ̀rá gbọ́dọ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹni tó bá sá fún ọ̀rá tó mú un wá sí ìsàlẹ̀ ìdá kan nínú márùn-ún, kò ní rí sọ́séèjì jẹ, ẹran lílọ̀ gbígbẹ ló máa jẹ. Ẹni tó bá kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta á rí i bó ṣe ń sún kì lójú rẹ̀.

Iyọ̀ rẹ̀ jẹ́ 16 g, ata dúdú lílọ̀ 3 g, ata gígún 2 g, ṣúgà 8 g, efinrin gbígbẹ tàbí táìmù 2 g, atalẹ̀ gbígbẹ 2 g, aríwo 1 g, omi tó tutù bíi yìnyín 60 ml. Kọ́ńgò àti mùdù dára fún gàrí àti ìrẹsì, wọn kò dára fún iyọ̀ sọ́séèjì. Ẹ ra òṣùwọ̀n kékeré oníbátìrì. Tí kò bá sí, ṣíbí ìjẹun kan iyọ̀ kúnná, tí a fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé lórí, tó bíi 18 g, ẹ bu díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Ìwọ̀n yìí ṣe pàtàkì torí pé adùn nìkan kọ́ ni iyọ̀ ń ṣe níbí. Iyọ̀ ló ń fa èròjà kan tí wọ́n ń pè ní myosin jáde lára ẹran. Èròjà yẹn ló ń lẹ wóró ẹran mọ́ ara wọn bí àtè, òun náà ló sì ń di omi àti ọ̀rá mú kí iná má baà lé wọn jáde. Tí ẹ bá bọ́ sí ìsàlẹ̀ 12 g, àtè náà kò ní tó. Ẹni tí mágì kò lè ṣe aláìwọ inú oúnjẹ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dín iyọ̀ kù, nítorí iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú mágì.

Ewé sage ṣòroó rí ní ọjà wa, kò sì yẹ kó dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Efinrin tiwa ní thymol nínú, èròjà kan náà tó ń mú táìmù ta sánsán, ìdí nìyí tí ó fi bá ọ̀rá ẹran mu tó bẹ́ẹ̀. Ẹ sá a nínú ilé, kì í ṣe lójú oòrùn. Nígbà ọyẹ́, ọjọ́ mẹ́ta ti tó, ẹ ó sì fi ọwọ́ rún un. Tútù rẹ̀ á sọ sọ́séèjì di dúdú, á sì gbé omi wá. Aríwo ni àwọn Igbo ọjà ń pè ní ehuru: ẹ yan án díẹ̀, ẹ bó èèpo rẹ̀, ẹ lọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ lò ó gan-an. Ìyèré lè dúró fún ata dúdú, àmọ́ ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ ni, torí ó lágbára.

Atalẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Gúúsù Kàdúná, ní agbègbè Kachia, jẹ́ ibi tí atalẹ̀ ti ń ṣe dáadáa, èyí tí wọ́n ti sá gbẹ sì wà ní ọjà Àbújá lọ́dọọdún. Gbígbẹ ni kí ẹ lò. Atalẹ̀ tútù ní èròjà tó ń jẹ ẹran, bí ìbẹ́pẹ dúdú ṣe ń ṣe. Ẹ fi sínú sọ́séèjì lálẹ́, lówùúrọ̀ ẹ ó bá a tó ti rọ̀ pẹ̀tẹ̀, kò ní dìmú mọ́. Àlùbọ́sà àti ààyù tútù kì í jẹ ẹran bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n omi wọn a máa tú sọ́séèjì ká, sọ́séèjì náà á sì tètè kan. Lílọ̀ gbígbẹ wọn ló dára. Yájì onísúyà ńkọ́? Ó ń ta sánsán lóòótọ́, àmọ́ kúlíkúlí inú rẹ̀ máa ń jóná nínú páànù kí àárín ẹran tó jinná. Tí adùn yájì bá wù yín, ẹ lo atalẹ̀, kànáfùrù díẹ̀ àti èèrù, kí ẹ yọ kúlíkúlí kúrò nínú ètò.

Ó wá ku iṣẹ́ òtútù. Ẹ gé ẹran àti ọ̀rá ní ègé-ègé tó tó ìwọ̀n ìka méjì, ẹ tẹ́ wọn sórí àwo fẹ̀ǹfẹ́, kí wọ́n má gun ara wọn, kí ẹ gbé wọn sínú fírísà fún ìṣẹ́jú 40. Ohun tí ẹ ń wá ni pé kí ẹ̀gbẹ́ wọn le, kí àárín ṣì gba ìka. Nígbà ooru, ẹ fi orí ẹ̀rọ náà, abẹ rẹ̀ àti àwo oníhò rẹ̀ sínú fírísà pẹ̀lú. Irin tó ti wà lórí tábìlì láti àárọ̀ lè gbóná tó láti yọ́ ọ̀rá kí ẹran ìgbà àkọ́kọ́ tó kọjá nínú rẹ̀. Ẹ nu omi ara píọ́ wọ́tà dídì kúrò, kí ẹ tò wọ́n sínú agbada ńlá, kí ẹ gbé abọ́ ẹran lé wọn lórí. Lórí wọn ni gbogbo iṣẹ́ yòókù á ti wáyé.

Ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ tí wọ́n ń dè mọ́ ẹ̀gbẹ́ tábìlì ti tó fún ilé. Abẹ rẹ̀ ní ojú kan tó tẹ́ tó sì mú. Ojú yẹn ló gbọ́dọ̀ dojú kọ àwo oníhò. Ẹni tó bá fi í sódì á máa yí ọwọ́ rẹ̀ títí, ohun tí yóò sì jáde á dà bí ẹran tí ọmọdé ti jẹ. Bí ẹran bá ń jáde láti inú ihò bí okùn pupa tí àmì funfun hàn lára rẹ̀ ketekete, ọ̀nà là. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde bí ẹ̀kọ, tí funfun àti pupa ti di ọ̀kan, ẹ dáwọ́ dúró. Ẹ tú ẹ̀rọ, ẹ yọ ìṣan tó wé mọ́ abẹ, ẹ dá ẹran padà sí fírísà fún ìṣẹ́jú 20. Ẹ̀rọ ìlọta ọjà kò ṣeé lò rárá: lílọ̀ ni ó ń lọ̀, kò gé nǹkan, ó ń gbóná, àjẹkù ata àná sì wà nínú rẹ̀. Bílẹ́ńdà onítábìlì burú fún un bákan náà. Tí kò bá sí ẹ̀rọ nílé, ọ̀bẹ wúwo méjì àti pátákó ṣe é dáadáa: ẹ bẹ́ ẹran tó ti fẹ́ dì ní tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ gé e sí okùn, ẹ gé okùn sí wóró, lẹ́yìn náà kí ọ̀bẹ méjèèjì máa gba orí rẹ̀ lọ, gba orí rẹ̀ bọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ní tèmi, sọ́séèjì ọlọ́bẹ ló dùn jù lọ lẹ́nu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ á ro èèyàn.

Iyọ̀ àti èròjà yòókù á wọ inú ẹran lẹ́yìn lílọ̀, omi yìnyín á tẹ̀ lé e. Kí ẹ wá po ó. Ẹ fi ìka ṣe é bí ẹni ń po gàrí díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa yí i láti ìsàlẹ̀ wá sókè, fún ìṣẹ́jú méjì. Ní ìbẹ̀rẹ̀, á máa fọ́ sílẹ̀ bí ẹran lásán. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú kan, ẹ ó kíyè sí i pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà, pé okùn wẹ́wẹ́ wà láàárín ẹran tó ya kúrò lára ara wọn, pé ó ń di ẹ̀gbẹ́ abọ́ mú. Ẹ bù ú bí ẹyin adìyẹ kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ àtẹ́lẹwọ́, ẹ da ọwọ́ yín délẹ̀. Bí ó bá rọ̀ síbẹ̀ láìjábọ́, ó ti tó. Ẹ má fi kún un. Ìṣẹ́jú márùn-ún á sọ ọ́ di ohun tó ń fò lẹ́nu bí rọ́bà. Ní gbogbo àkókò yìí, òtútù gbọ́dọ̀ máa ro ọwọ́ yín. Bí kò bá ro yín, ẹran náà ti gbóná jù.

Kí ẹ tó gé e, ẹ dín ṣíbí kan péré, kí ẹ tọ́ ọ wò. A kì í tọ́ ọ ní tútù. Ìgbà yìí nìkan la lè fi iyọ̀ kún un, torí tí a bá ti gé e tán, ohun tó bá wà nínú rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀.

Èyí tí a tẹ̀ ní pẹlẹbẹ, 60 g ni kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́, kí ó fẹ̀ tó 8 cm, kí ó nípọn tó 1.2 cm. Kílò kan á fún yín ní bíi méjìdínlógún. Ẹ fi ìka tẹ àárín rẹ̀ wọlé díẹ̀, torí iná máa ń mú kí àárín wú bí òkè. Ẹ tò ó sínú páànù tí kò tíì gbóná, láìsí òróró, kí iná wà láàárín kékeré àti ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Páànù tó ti gbóná jù á jó ṣúgà àti ata níta, inú á sì wà ní tútù. Ìṣẹ́jú mẹ́rin sí márùn-ún ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi ṣíbí tẹ̀ ẹ́: ohun tó ń hó jáde lábẹ́ ṣíbí yẹn ni gbogbo ohun tí ẹ fi òtútù pa mọ́ láti àárọ̀.

Àárín rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé 71°C. Nígbà tí ẹran wà ní odidi, kòkòrò àrùn orí rẹ̀ ló wà, iná á sì pa á. Lílọ̀ ló kó o wọ inú. Àwọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí, torí ẹran lílọ̀ lè di àwọ̀ ilẹ̀ kí ó tó gbóná tó bẹ́ẹ̀. Tẹmómítà kékeré onírin, tí a tì bọ inú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ló ń sọ òótọ́. Adìyẹ ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ dé 74°C. Itan adìyẹ pẹ̀lú awọ rẹ̀ ló yẹ, kì í ṣe àyà, ọ̀rá rẹ̀ sì tètè ń yọ́ ju ti màlúù lọ fíìfíì, nítorí náà kí ó pẹ́ sí i nínú fírísà. Ti ẹlẹ́dẹ̀, èjìká rẹ̀ nìkan ti ní ọ̀rá tó tó. Ṣùgbọ́n nílé tí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì jọ ń gbé, bí ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá ṣe rí, kí ẹ̀rọ, ọ̀bẹ àti páànù ẹlẹ́dẹ̀ wà lọ́tọ̀, tàbí kí a dúró sórí màlúù kí gbogbo ilé lè jọ jẹun.

Fún àwọn tó fẹ́ kì í sínú ìfun, Iléyá ni àsìkò rẹ̀. Ìfun àgbò tẹ́ẹ́rẹ́ ló yẹ, kì í ṣe ti màlúù. Ẹ fún ohun inú rẹ̀ jáde, ẹ da omi gba inú rẹ̀ títí á fi mọ́, ẹ yí inú rẹ̀ síta, kí ẹ sì fi ẹ̀yìn ṣíbí ha á lórí pátákó, díẹ̀díẹ̀, títí ohun yíyọ̀ orí rẹ̀ á fi kúrò, tí ẹ ó sì máa rí ìka yín láti òdìkejì. Nínú iyọ̀ gbígbẹ ni à ń tọ́jú rẹ̀ sí nínú fíríìjì. Lọ́jọ́ ìlò, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú 30 sí 60. Kílò kan ẹran á gbà tó mítà mẹ́ta. Ẹ má kì í yó bámúbámú, torí ẹ ṣì máa lọ́ ọ sí ẹyọ-ẹyọ. Níbi tí ẹ bá rí afẹ́fẹ́, ẹ fi abẹ́rẹ́ gún un.

Tútù rẹ̀ kì í ju ọjọ́ méjì lọ nínú fíríìjì, nínú fírísà oṣù mẹ́ta. Ṣùgbọ́n iná ńkọ́? Fírísà tó kún, tí ẹnikẹ́ni kò ṣí, lè di òtútù mú fún bíi wákàtí 48. Èyí tó kún dé ìdajì, wákàtí 24. Fíríìjì, mẹ́rin péré. Bí ẹ bá rìnrìn àjò lọ sílé, ẹ fi abọ́ omi kékeré sí fírísà títí á fi dì, kí ẹ gbé owó ẹyọ kan lé yìnyín náà lórí. Tí ẹ bá dé tí owó náà ti wọ ìsàlẹ̀, iná ti lọ pẹ́ tí yìnyín fi yọ́ tó tún dì, ẹ da gbogbo rẹ̀ nù, kódà kó le bí òkúta. Nílé tí iná kì í dúró, mo fara mọ́ kí ẹ máa ṣe kílò kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ jẹ ẹ́ tán lọ́jọ́ méjì.

Ọ̀rá díẹ̀ tó kù nínú páànù, pẹ̀lú ata dúdú àti efinrin tó ti yí mọ́ ọn, ẹ má dà á nù. Kí páànù ṣì wà lórí iná kékeré, ẹ fọ́ ẹyin sínú rẹ̀, tàbí kí ẹ gé másà tí ẹ rà ní òwúrọ̀ sí méjì, kí ẹ da ojú tí ẹ gé délẹ̀ sórí ọ̀rá náà fún ìṣẹ́jú kan, títí á fi pọ́n.